Ta Ló Lè Sọgbà Yí Odò Ká?

Botswana àti Sierra Leone jọ ní dáyámọ́ńdì nínú ilẹ̀ wọn. Botswana fi owó tirẹ̀ la títì, ó fi kọ́ ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ títì ọlọ́dà tó wà ní gbogbo ilẹ̀ náà nígbà tó gba òmìnira ní 1966 kò ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ. Sierra Leone ní tirẹ̀ jagun fún ọdún 11, láti 1991 sí 2002, owó dáyámọ́ńdì sì wà lára ohun tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń ra ìbọn. Béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wù ọ́, ohun tí wàá gbọ́ ni pé Botswana rí olórí rere, Sierra Leone bọ́ sọ́wọ́ olè. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tó. Èrò tèmi ni pé ìyàtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ aráyé kankan tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí òkúta náà jókòó sí nínú ilẹ̀ ló ń pinnu iye ọwọ́ tó lè tó o, iye ọwọ́ tó bá tó o ló sì ń pinnu bóyá ìjọba á rí owó rẹ̀ kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìsọ kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé èédú ilẹ̀ ló ń pẹ́ tó ń di dáyámọ́ńdì. Irọ́ ni. Igi àti ewéko tó jẹrà ló ń di èédú, èédú kì í sì í jìnnà púpọ̀ sójú ilẹ̀. Dáyámọ́ńdì tó pọ̀ jù lọ ti wà kí igi kankan tó hù láyé, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lé ní bílíọ̀nù ọdún 3. Nǹkan bíi kìlómítà 150 sí 200 nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dá, lábẹ́ àwọn apá ilẹ̀ ayé tó gbó jù, tó sì ki jù, irú èyí tó wà ní gúúsù Áfíríkà, ní Siberia àti ní Kánádà. Ooru ibẹ̀ ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, agbára tí àpáta fi tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po 50,000 èyí tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ àwa tó wà lókè. Kábọ́ọ̀nù tó há sáàárín rẹ̀ kò ríbi sá sí, ó ká ara rẹ̀ jọ pinpin, ó di òkúta tí kò sí òkúta tó le tó o. Kábọ́ọ̀nù yìí kan náà ló wà nínú pẹ́ńsù tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ni tinú pẹ́ńsù kò rí.

Bó bá ṣe pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé wọ́n wà. Ihò tó jìn jù lọ tí èèyàn gbẹ́ rí, ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, díẹ̀ ló fi lé ní kìlómítà 12. Àpáta yíyọ́ kan tí gáàsì kún inú rẹ̀, èyí tó ń di àpáta kimberlite bó bá tutù, ló gbé wọn gòkè. Kò lè fara balẹ̀ gòkè o. Láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ díẹ̀ ni, nítorí bó bá falẹ̀ lọ́nà, dáyámọ́ńdì inú rẹ̀ á yọ́ dànù tàbí kó padà di ohun inú pẹ́ńsù. Bó bá dé òkè, á bú gbàù, ihò tó bá gbà jáde á sì kún fún àpáta: ó fẹjú lókè, ó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ bíi káróòtì tí a gún mọ́lẹ̀. Ihò báyìí ni wọ́n ń pè ní páìpù. Èyí tó wà ní Kimberley ní South Africa, níbi tí wọ́n ti fún àpáta náà lórúkọ, ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 90. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń jẹ orí páìpù, tí àgbàrá ń gbé ohun tó bá jẹ lọ sínú odò. Àpáta tó gbé dáyámọ́ńdì á lọ̀, á di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n dáyámọ́ńdì fúnra rẹ̀ kì í lọ̀. Ó wúwo ju iyanrìn lọ, nítorí náà ó máa ń rì sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Odò Orange gbé àìmọye wọn láti àárín gúúsù Áfíríkà lọ dé Òkun Àtìláńtíìkì. Ilé méjì ni dáyámọ́ńdì ní nígbà náà: páìpù tó ti jáde, àti odò tó gbé e lọ.

Páìpù ni Botswana ní, iyanrìn aṣálẹ̀ Kalahari sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí De Beers, ilé-iṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ńdì, rán síbẹ̀ fi ń jọ̀ iyanrìn kí wọ́n tó rí páìpù Orapa ní 1967, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1971, ti Jwaneng tẹ̀ lé e ní 1982. Mi ò lè ṣe kí n má yà sọ́dọ̀ ikán níhìn-ín, nítorí ó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ Jwaneng. Ikán tó ń walẹ̀ wá omi máa ń ru hóró iyanrìn láti ìsàlẹ̀ wá sókè, lára ohun tí ikán ibẹ̀ rù wá sì ni hóró àwọn òkúta pupa àti dúdú tó máa ń bá dáyámọ́ńdì gbé inú páìpù. Ẹni tó mọ̀ wọ́n rí wọn, ó sì mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ iyanrìn náà. Rírí i ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣá. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta páìpù, ọkọ̀ akẹ́rù tí táyà rẹ̀ ga ju èèyàn lọ ló ń kó o, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú omi tí wọ́n po kó lè wúwo, kí òkúta tó fúyẹ́ léfòó kí èyí tó wúwo rì. Láyé ìgbà kan ní Kimberley, pátákó tí wọ́n fi gírísì pa ni wọ́n máa ń da èyí tó bá rì lé lórí pẹ̀lú omi. Omi kì í lẹ̀ mọ́ dáyámọ́ńdì, gírísì ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà àwọn òkúta yòókù á bómi lọ, dáyámọ́ńdì á dúró sójú kan lára gírísì. Lóde òní, ìtànṣán X-ray ni wọ́n ń tàn sí i: dáyámọ́ńdì á tan ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn á sì fẹ́ ẹ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ohun tí wọ́n ń rí nínú tọ́ọ̀nù àpáta kan ní Jwaneng, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́rọ̀ jù láyé, kò fi púpọ̀ ju kárátì kan lọ, kárátì kan sì jẹ́ ìdá márùn-ún gíráàmù. Kò sí ọ̀dọ́ abúlé tó lè fi ṣọ́bìrì ṣe èyí. Iṣẹ́ olówó ńlá ni, ẹnu ọ̀nà kan ló ní, ìjọba sì mọ ẹni tó yẹ kó bi léèrè owó.

Ẹ wá wo ìhà Kono ní Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti rí dáyámọ́ńdì ní 1930. Odò Sewa àti Bafi pẹ̀lú àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń wọ inú wọn ti tú u ká sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an. Ṣọ́bìrì, korobá àti ajọ̀ ti tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Awakùsà á gbẹ́ ilẹ̀ pupa kúrò títí yóò fi kan òkúta wẹ́wẹ́, á bu ú sínú ajọ̀ olóbìírípo, á wọnú omi dé orúnkún, á máa yí i, á máa gbọ̀n ọ́n. Òkúta tó fúyẹ́ á sá lọ sétí ajọ̀, èyí tó wúwo á kó jọ sáàárín. Ojú rẹ̀ ló máa ń fi ṣà á, nítorí dáyámọ́ńdì tútù kì í dán bíi ti orí òrùka. Ó jọ ìfọ́ ìgò tí epo kàn. Ẹni tó rí i lè fi sábẹ́ ahọ́n. Olówó kan ló sábà máa ń bọ́ àwọn awakùsà, tó ń ra irinṣẹ́ fún wọn, òun náà ló sì máa ń dá iye lé ohun tí wọ́n bá rí. Ní 1935, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní àṣẹ ọdún 99 lórí dáyámọ́ńdì gbogbo ilẹ̀ náà. Lórí ìwé, ọgbà ni wọ́n sọ yẹn. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1950 sí 1960, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti ya wọ Kono láìgbàṣẹ, ìjọba ò rí wọn lé, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé àṣẹ ní 1956. Fàyàwọ́ gba ọ̀nà Liberia lọ ní tirẹ̀.

Ẹni tó ń bá mi jiyàn yóò dá mi dúró níhìn-ín. Yóò ní Seretse Khama, ààrẹ àkọ́kọ́ Botswana, ńkọ́? Orí ilẹ̀ àwọn Bangwato, àwọn èèyàn tirẹ̀ gan-an, ni Orapa wà, síbẹ̀ òfin 1967 sọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tó sì di 1975, ìjọba rẹ̀ ti bá De Beers dúnàádúrà títí ìpín Botswana fi di ìdajì. Yóò ní Siaka Stevens tó ṣèjọba Sierra Leone ńkọ́, tó sọ ìwé àṣẹ dáyámọ́ńdì di ẹ̀bùn fún àwọn tirẹ̀, tí dáyámọ́ńdì tí Sierra Leone ń tà sókè òkun lábẹ́ òfin fi ṣubú láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 2 kárátì ní 1970 sí 48,000 péré ní 1988? Mo gbà pé olórí ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye yẹn dáadáa. Òkúta náà kò tán nínú ilẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ló gbà jáde. Bí olórí tilẹ̀ jalè nídìí páìpù, olè ọ̀hún á wà nínú ìwé owó, a ó mọ iye tí ẹ̀rọ wà jáde. Nídìí odò, ọjà náà fúnra rẹ̀ ló ń pòórá. South Africa ló sì fi hàn pé mi ò sọ pé páìpù ń sọni di ẹni rere. Ní Kimberley, Cecil Rhodes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn páìpù sábẹ́ De Beers ní 1888, wọ́n ti àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú mọ́ inú ọgbà fún gbogbo oṣù tí àdéhùn wọn bá fi wà, wọ́n sì ń tú wọn yẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n lọ sílé. Páìpù kàn ń kó ọrọ̀ jọ sọ́wọ́ kan ni. Ohun tí ọwọ́ náà máa fi ṣe kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Wọ́n á ní Bràsíl àti Namibia kò ní páìpù ńlá kan, síbẹ̀ wọ́n sọgbà yí dáyámọ́ńdì wọn ká. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Minas Gerais lẹ́yìn 1720, ọba Potogí sọ gbogbo àyíká Tejuco, tí wọ́n ń pè ní Diamantina lónìí, di ilẹ̀ èèwọ̀. Ẹrú ni wọ́n fi wa kùsà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti etíkun Mina wá, ìyẹn etíkun tó gba Wídà kọjá. Àwọn alábòójútó a dúró lé wọn lórí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fọ òkúta. John Mawe, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀ lẹ́yìn 1800, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú tó bá rí òkúta tó tó kárátì 17 àbọ̀ ni wọ́n ń fi òdòdó dé lórí tí wọ́n sì ń dá sílẹ̀. Pẹ̀lú pàṣán, sójà àti ìlérí òmìnira, fàyàwọ́ kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi sọ ọgbà yẹn, ó sì tún jò. Ní Namibia, Zacharias Lewala, òṣìṣẹ́ ojú irin, ló rí òkúta àkọ́kọ́ nínú iyanrìn nítòsí Lüderitz ní 1908, lọ́dún kan náà ni ìjọba Jámánì ti aṣálẹ̀ náà pa. Ó ṣeé tì pa nítorí kò sí omi, kò sí abúlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú dáyámọ́ńdì Namibia lónìí, ọkọ̀ ojú omi ló ń fà á láti ìsàlẹ̀ òkun. Aṣálẹ̀ àti òkun ló ṣe iṣẹ́ tí páìpù ń ṣe ní Botswana.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, Angola ni mo máa tọ́ka sí, nítorí níbẹ̀, orílẹ̀-èdè kan náà ni, ogun kan náà, ọdún kan náà. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn ọlọ̀tẹ̀ UNITA tí Jonas Savimbi ń darí ń jẹun lára dáyámọ́ńdì àfonífojì odò Cuango, débi tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ka ríra rẹ̀ léèwọ̀ ní 1998. Láàárín ogun yẹn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní páìpù Catoca lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Saurimo, ọwọ́ ìjọba ló sì wà. Ọ̀tá lè gba páìpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ṣe láìsí iná, láìsí ẹ̀rọ, láìsí díísù?

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbójú lé ìwé ẹ̀rí Kimberley Process, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń jẹ́rìí sí dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń tà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, púpọ̀. Ìwé ni wọ́n fẹ́ fi sọgbà yí odò ká. Dáyámọ́ńdì àwọn ọlọ̀tẹ̀ nìkan ló tilẹ̀ kà léèwọ̀, nítorí náà nígbà tí sójà ìjọba Zimbabwe pa àwọn awakùsà ní Marange ní 2008, níbi tí dáyámọ́ńdì ti wà lójú ilẹ̀ gbalaja, èèwọ̀ náà kò kàn án. Àmọ́ kì í ṣe pé kò sí ohun tó sunwọ̀n rárá: ní 2017, pásítọ̀ kan ní Kono gbé òkúta kárátì 709 tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rí fún ìjọba Sierra Leone, wọ́n sì tà á ní gbangba ní New York ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Gbogbo ayé ló sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó fi hàn bí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo náà ní ewu tirẹ̀, Botswana sì ti ń fojú rí i. Dáyámọ́ńdì tó bí ìdá 80 nínú 100 ohun tó ń tà sókè òkun. Dáyámọ́ńdì tí ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ ṣe, kábọ́ọ̀nù kan náà, líle kan náà, ti já owó èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wálẹ̀. Ọrọ̀ ajé Botswana sún kì ní 2024, ní oṣù kẹwàá ọdún náà sì ni àwọn olùdìbò yọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣèjọba láti ìgbà òmìnira. Ní oṣù kejì 2025, ìjọba tuntun fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú De Beers pé ìpín dáyámọ́ńdì tí ilé-iṣẹ́ ìjọba yóò máa tà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 30 nínú 100, á sì máa gòkè títí yóò fi di ìdajì. Anglo American, tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú De Beers, ti fi í sọ́jà láti 2024, Botswana sì ní òun fẹ́ rà kún ìdá 15 tó ti wà lọ́wọ́ òun. Ó ti jọ mí lójú pé àkókò tí ohun tó ń gba ẹnu ọ̀nà náà jáde ń rẹ̀ sílẹ̀ lówó gan-an ni ẹni tó ti ń gba owó ibodè níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá fẹ́ ra ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀.