Àáró ní Dagenham: Ọgbà Àjọgbìn Nínú Ìlú Ńlá

Tí wọ́n bá dárúkọ London, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ilé gogoro àti òtútù. Ta ló máa ń ronú nípa oko? Ṣùgbọ́n ní Barking and Dagenham, ní apá ìlà-oòrùn London, oko wà, ọgbà sì wà tí àwọn èèyàn ń yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè yìí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ, ohun tó lè pa á, àti ìdí tí mo fi rò pé àṣà àáró tiwa lè mú kó pẹ́.

Ilẹ̀ tó ń bọ́ London rí

Kí wọ́n tó kọ́lé sí Dagenham, ilẹ̀ oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà London. Láàárín 1921 sí 1935, London County Council kọ́ ẹ́sítéètì Becontree sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé bí 26,000. Nígbà náà, kò sí ẹ́sítéètì ìjọba tó tóbi tó o ní gbogbo ayé. Wọ́n fi ọgbà sí àwọn ilé náà, ó sì jẹ́ dandan fún ayálégbé láti tọ́jú tirẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣe ìdíje láti mọ ọgbà tó dára jù.

Nígbà tí mọ́tò wá pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn da kọnkéré sí iwájú ilé kí wọ́n lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ò ti lè mu omi: gọ́tà á kún, omi á sì máa wá ilé wọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti 2008, ní England, ẹni tó bá fẹ́ da kọnkéré bo ibi tó ju square mítà 5 lọ ní iwájú ilé rẹ̀, láìṣe ibi tí omi yóò rì sí, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ káńsù.

Kí ló ń jẹ́ permaculture?

Àwọn méjì kan ní Australia, Bill Mollison àti David Holmgren, ló mú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ní 1978 ni ìwé wọn, Permaculture One, jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le rárá: ká ṣètò oko àti ilé kí wọ́n dà bí igbó, níbi tí ohun kan ti ń bọ́ ìkejì, tí nǹkan kan kì í ṣòfò. Ìlànà mẹ́ta ló gbé e ró: tọ́jú ilẹ̀, tọ́jú èèyàn, pín ohun tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó yìí bà yín lẹ́rù. Àgbẹ̀ Yorùbá tó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí pọ̀ sójú kan mọ̀ pé ewé ẹ̀gúsí tó tẹ́ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn tètè gbẹ ilẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí koríko ráàyè. Ìyá àgbà tó ń da èèpo iṣu àti eérú sí àkìtàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ ti máa ń yọ dáadáa.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ omi. Òjò tó ń rọ̀ ní London lọ́dún kan tó bíi mìlímítà 600. Òrùlé tó gùn ní mítà 6, tó sì fẹ̀ ní mítà 5, lè gba omi tó bíi lítà 18,000 láàárín ọdún. Àgbá kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ò lè gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dín omi ẹ̀rọ tí ẹ máa lò fún ẹ̀fọ́ kù.

Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀

Ní 2012, ẹgbẹ́ Growing Communities, tí ilé wọn wà ní Hackney, sọ ọgbà kan ní Dagenham, níbi tí káńsù ti ń gbin òdòdó tẹ́lẹ̀, di oko. Dagenham Farm ni wọ́n pè é. Wọn kì í lo oògùn kẹ́míkà. Abẹ́ ilé onígíláàsì ni tòmátì wọn ń gbé, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sì máa ń bá wọn gbìn, wọ́n ń bá wọn kórè.

Ní 2014, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Kathrin Böhm dá Company Drinks sílẹ̀ ní Barking. Láyé àtijọ́, àwọn ìdílé ìlà-oòrùn London máa ń kó tọmọtọmọ lọ sí Kent nígbà ìkórè láti já hops, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe bíà. Iṣẹ́ ni, ìsinmi sì ni. Company Drinks gbé àṣà yìí dìde: àwọn aládùúgbò jọ ń lọ já èso àti òdòdó, wọ́n sì fi ń ṣe ohun mímu.

Ní 2017, ètò Every One Every Day bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí kan náà. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sójú títì, níbi tí aládùúgbò ti lè bá ara wọn dáná, kí wọ́n jọ ṣe nǹkan, kí wọ́n jọ gbin nǹkan. Ètò ọdún 5 ni wọ́n ṣe é.

Ẹ fi ojú sí ọdún 5 yẹn. Owó ìrànwọ́ ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ báyìí ró, owó ìrànwọ́ sì máa ń ní ọjọ́ tó máa tán. Tó bá tán, ta ni yóò máa bomi rin ẹ̀fọ́?

Ọ̀wẹ̀ ni àbí àáró?

N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tó kọ ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì London, ṣàlàyé nípa irú àjọṣe báyìí nínú The Sociology of the Yoruba, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Ọ̀nà méjì ni ká fi yà sọ́tọ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́, á pe ará, ọ̀rẹ́ àti àna. Wọ́n á ṣiṣẹ́, á fún wọn lóúnjẹ, ó parí. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ á jọ ṣiṣẹ́ lóko Àjàyí lónìí, lọ́la ó di oko Òjó. Wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń san án padà.

Ọ̀wẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ní London jọ. Àjọ kan ló ni iṣẹ́, òun ló ń pe èèyàn, tíì àti bisikíìtì sì wà nílẹ̀. Ọ̀wẹ̀ dáa o! Àmọ́ ọjọ́ tí olóko ò bá pe èèyàn mọ́, oko di igbó. Àáró ò ní olóko kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún ní Sátidé tó kọjá jẹ gbèsè, kò sì ní fẹ́ kí ojú ti òun.

Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ń ṣiṣẹ́ òru. Kò ṣeé ṣe fún wọn láti wá sí oko ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Nínú àáró, àwọn tó jọ ń ṣe é ló ń mú ọjọ́ tó bá gbogbo wọn lára mu.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ilé 5 ti tó. Tí ẹni 5 bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3 nílé kan, wákàtí 15 nìyẹn. Ẹnì kan ò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ọ̀sẹ̀ 10 ló máa kárí gbogbo yín.

Ayálégbé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi onílé. Ẹ wádìí ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe tẹ́lẹ̀, torí pé ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti lò rí lè ní májèlé bíi òjé nínú. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fi pákó kan àpótí ńlá, kí ẹ da ilẹ̀ tuntun sínú rẹ̀. Ẹni tí ò ní ilẹ̀ rárá lè kọ orúkọ sílẹ̀ fún allotment, ìyẹn ilẹ̀ kékeré tí káńsù ń yá aráàlú. Òfin 1908 ló ní kí káńsù máa pèsè rẹ̀.

Ẹ má fi òye ilé gbin nǹkan o, torí òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré. Ẹ gbin ata rodo sínú ilé ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ sì jẹ́ kó dàgbà sábẹ́ gíláàsì. Tẹ̀tẹ̀ lè bọ́ síta ní ìparí oṣù karùn-ún, nígbà tí yìnyín òwúrọ̀ bá ti lọ. Tí ewúro bá wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e wọlé kí òtútù tó dé. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tí ẹ máa kórè nígbà òtútù, ẹ gbin kale.

Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi bàálù kó wá láti ilé wọ́n, ó sì ti máa ń rọ kó tó dé ìkòkò. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé Becontree ti bọ́ èèyàn rí, ó ṣì lè ṣe é. Tí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn aládùúgbò mẹ́rin kan wà tí wọ́n mọ orúkọ wọn. Ibẹ̀ ni àáró ti ń bẹ̀rẹ̀.