Kì í Ṣe Ọ̀lẹ, Àìsàn Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Iná Inú Ọpọlọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹni tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ilé ni yóò bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, tó wá ń gbàgbé iye owó tí oníbàárà san, tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sì rántí òpin rẹ̀, èébú ni ó sábà máa ń gbà. Àwọn kan á ní ó ti ya ọ̀lẹ, àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tí ó wà. Sclérose en plaques ni àwọn dókítà Lomé ń kọ sínú ìwé. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní multiple sclerosis.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ?

Iná ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ni ó kọ́kọ́ ka iná náà láti orí ènìyàn ní ọdún 1924, ó sì kéde rẹ̀ ní 1929. Iná náà kéré jọjọ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ volt kan àbọ̀; èyí tí wọ́n ń kà láti orí kì í sábà ju ìdá kan nínú 10,000 volt lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á ni EEG. Wọ́n á lẹ waya tín-ín-rín mọ́ orí aláìsàn. Kì í dunni, kì í sì í tan iná sí ènìyàn lára.

Ẹ wo waya iná ilé yín, rọ́bà ni ó bò ó. Okùn iṣan inú ọpọlọ náà ní aṣọ tirẹ̀, aṣọ ọlọ́ràá tí wọ́n ń pè ní máyẹ́lìn. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun inú ara tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà ni wọ́n kọjú sí aṣọ náà tí wọ́n ń fà á ya. Níbi tí aṣọ bá ti bó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán á fà sẹ́yìn. Nígbà mìíràn kò ní dé rárá.

Jean-Martin Charcot ni ó ṣàlàyé àìsàn yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní Paris ní 1868, òun náà sì kíyè sí i pé iyè àwọn aláìsàn ọ̀hún a máa rẹ̀. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ gbà pé òun ni ó dé Santa Lidwina ti Schiedam mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Holland, ẹni tí ó kú ní 1433.

Ní London, ní 1972, àwọn dókítà fi àwòrán han àwọn tí iṣan ojú wọn ti wú rí. Ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ le ń dáhùn láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ti ojú tó ṣàìsàn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà nígbà tí ojú náà ti ríran padà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ohùn dán ọpọlọ wò, wọ́n sì rí i pé ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ń pẹ́ dé, pàápàá àwọn tí iyè wọn ń rẹ̀. Nínú 100 aláìsàn, láti 40 dé 65 ni ó máa ń ní ìṣòro iyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ìdáhùn. Kò tètè dé ẹnu ni.

EEG nìkan kò lè sọ pé àìsàn yìí ni. Dókítà yóò ya àwòrán ọpọlọ pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI, ó sì lè yẹ omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò.

Ṣé ó wà nílẹ̀ wa?

Ó lé ní mílíọ̀nù 2.8 ènìyàn tó ní in káàkiri ayé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tó sì kú ní 1995, kò rí ju bíi mélòó kan lọ. Èyí tí ó rí púpọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ ni àrùn iṣan mìíràn, tí ń mú ẹsẹ̀ kú tí ó sì ń ba ojú jẹ́. Ó so ó mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, lára àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní ẹran àti ẹja tó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá orúkọ àìsàn fún ara rẹ̀. Ní Lomé, àwọn dókítà iṣan àti ọpọlọ wà ní CHU Campus àti ní CHU Sylvanus Olympio ní Tokoin.

Àìsàn yìí kì í ràn. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù 10 wò fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo wa tán, àwọn díẹ̀ péré ni ó sì ń di àìsàn lára wọn.

Kí ni ará ilé lè ṣe?

1. Bí ojú kan bá ṣú lójijì tí ó ń dunni, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá kú tipiri ju ọjọ́ kan lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́, pàápàá obìnrin láti ọmọ 20 ọdún sí 40, ni ó sábà máa ń mú.

2. Ẹ ṣọ́ra fún ooru. Iṣan tí aṣọ rẹ̀ ti bó kì í fẹ́ ooru rárá. Kí aláìsàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sá fún oòrùn ọ̀sán, kí ó fi omi tútù wẹ̀. Ẹ má fi aṣọ bò ó mọ́ ìkòkò àgbo tó ń hó.

3. Ọ̀rọ̀ kan ni kí ẹ máa sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa rédíò, ẹ dúró de ìdáhùn. Ẹ fún un ní ìwé kékeré kí ó máa kọ nǹkan sí. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, kí ọmọ kan jókòó tì í nígbà tí ó bá ń ka owó.

4. Ẹ má jẹ́ kí ó dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó lè wò ó tán, ṣùgbọ́n àwọn kan ń dín ìjà náà kù. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mẹ́ta nínú wọn sí àkójọ oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní. Owó wọn ṣì ga, nítorí náà ẹbí ní láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Sùúrù ni baba ìwà. Bí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ yín tó ní àìsàn yìí bá pẹ́ kí ó tó dáhùn, ẹ ka ení, èjì títí dé ẹẹ́wàá kí ẹ tó bínú. Ìdáhùn ń bọ̀ lọ́nà.