Ṣé Ìyà Máa Ń Tún Ìwà Ènìyàn Ṣe?

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Àwọn àgbà kan náà ló tún ní bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké á máa gorí ẹni. Èdè wa pàápàá ń sọ ọ́ ní méjì: a máa ń ní "ìyà jẹ mí", a sì tún máa ń ní "mo jìyà". Èwo ni ká wá mú níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo Albie Sachs, tí wọ́n bí ní Johannesburg níbí lọ́dún 1935. Agbẹjọ́rò ni, ó sì bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ní 1963, wọ́n tì í mọ́lé ní òun nìkan fún ọjọ́ 168. Ní oṣù kẹrin 1988, bọ́ǹbù tí àwọn aṣojú ìjọba náà dẹ sínú mọ́tò rẹ̀ bú gbàù ní Maputo. Apá rẹ̀ ọ̀tún lọ, ojú rẹ̀ kan sì fọ́.

Ní 1994, Mandela fi í ṣe adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ìlú. Lọ́dún kejì, òun àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fòpin sí ìdájọ́ ikú. Lẹ́yìn náà, Henri, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí ètò bọ́ǹbù náà, wá bá a ní ọ́fíìsì. Sachs gbọ́ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kó kọ́kọ́ lọ bá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà. Ìgbà tí ọkùnrin náà lọ sọ tẹnu rẹ̀ tán ni Sachs tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti ṣèwádìí nípa irú ìdàgbàsókè báyìí. Ní 1996, wọ́n gbé ìbéèrè 21 jáde láti fi wọ̀n ọ́n. Wọn kò sọ pé ìyà fúnra rẹ̀ ló ń tún ènìyàn ṣe o. Ohun tí ènìyàn bá bá ara rẹ̀ rò lẹ́yìn ìyà náà, àti àwọn tó dúró tì í, ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ní 2009, Patricia Frazier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wò kí láburú tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, àti lẹ́yìn rẹ̀. Lápapọ̀, ìyípadà tí wọ́n sọ pé ó bá àwọn kò bá èyí tí ìwọ̀n náà fi hàn mu. Ẹni tó ní "mo ti dàgbà sí i" lè máa wá ìtùnú lásán.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ àjèjì ló pàdánù ṣọ́ọ̀bù wọn níbí nígbà ìkọlù ọdún 2008 àti 2019. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọkọ̀ òfuurufú Air Peace kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà láti Johannesburg padà sílé. Bí irú wọn bá wà nínú ẹbí yín, ẹ má sọ fún un pé Ọlọ́run ń fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀, ẹ sì bá a wá ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fìyà jẹ ọmọ nítorí kó lè gbọ́n.

Ojú tó rí òkun tó sì padà délé, ọkọ̀ ló gbé e.