Autopilot nínú ọkọ̀ ìgbòkun: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ̀

Ẹni tó bá dá nìkan wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun lórí òkun mọ ìyà tó wà nídìí ìtọ́kọ̀. Tó bá fọwọ́ sílẹ̀ kó lọ po tíì, imú ọkọ̀ á yí padà. Tó bá fẹ́ lọ tún okùn ìgbòkun so, ọkọ̀ á máa ṣe bó ṣe wù ú. Tí oorun bá wá ń kùn ún lóru, wàhálà dé. Ọwọ́ kan ò kúkú gbẹ́rù dórí.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń ra autopilot, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tukọ̀ fúnra rẹ̀. Torí àtidín ìnáwó kù, àwọn kan nínú wọn kì í pe oníṣẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá nínú ọkọ̀ kékeré. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tí àṣìṣe kékeré ti lè di ọ̀ràn ńlá.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nínú ọkọ̀ kékeré tó ń lo ọ̀pá ìtọ́kọ̀, ẹ̀rọ náà dà bí apá kan tó ń nà, tó sì ń súnkì. Kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ ló ń sọ ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Tí ìgbì bá ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, apá náà á ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ tàbí kó fà á, títí ọkọ̀ yóò fi padà sójú ọ̀nà. Iná bátìrì 12 volt ló ń lò.

Èwo ni kéèyàn rà?

Ìwọ̀n ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yan ẹ̀rọ. Kí ọlọ́kọ̀ má wo ìwọ̀n tó wà nínú ìwé nìkan, torí omi mímu, epo, oúnjẹ àti ẹrù á tún gorí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìwé ní ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 4 lè súnmọ́ 5 lọ́jọ́ ìrìnàjò. Ẹ̀rọ tágbára rẹ̀ ò tó á ṣe dáadáa lójú omi tó rọ̀, yóò sì já ọlọ́kọ̀ kulẹ̀ nígbà tí ìjì bá dé.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Ibi méjì ni wọ́n ń lu ihò sí: ọ̀kan lórí ọ̀pá ìtọ́kọ̀, ìkejì lára ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló ń sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé dírílì. Ojú ihò náà gbọ́dọ̀ dí pa, torí omi tó bá wọ inú igi á jẹ ẹ́ rà.

Wáyà ló tún kàn. Tí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì gùn, iná 12 volt tó jáde láti inú bátìrì lè di 11 kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Àlọ àti àbọ̀ ni wọ́n ń kà: bátìrì tó wà ní mítà 5 sí ẹ̀rọ, mítà 10 ni wáyà rẹ̀. Ẹ̀bá bátìrì ni kí fíúsì wà, torí iná lè sọ bí wáyà bá bó.

Kọ́ńpáàsì ò sì fẹ́ràn irin. Kí sípíkà rédíò, irinṣẹ́ àti agolo jìnnà sí i, ó kéré tán mítà kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á máa tọ ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dán an wò lójú omi tó rọ̀, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ò sí.

Ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn

Autopilot ò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àwọ̀n apẹja. Òfin àgbáyé ti ọdún 1972 lórí ìrìnnà ojú òkun sì sọ pé gbogbo ìgbà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́nà.

Èyí tó burú jù ni kí ẹni tó dá wà já sínú omi. Ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé ọ̀gá òun ti lọ. Ọkọ̀ tó ń sá eré máìlì òkun 5 ní wákàtí kan á ti fi í sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 150 láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Nítorí náà, kí okùn ààbò ti wà lára èèyàn kó tó tẹ bọ́tìnnì autopilot.

Ẹ̀rọ tún lè kú lójú ọ̀nà. Robin Knox-Johnston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Falmouth lóṣù kẹfà ọdún 1968 nínú ọkọ̀ Suhaili. Ẹ̀rọ atukọ̀ tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń lò, kì í ṣe iná. Nígbà tó dé agbègbè Australia, ẹ̀rọ náà bàjẹ́ pátápátá. Ó ń fọwọ́ tukọ̀, ó sì ń to ìgbòkun rẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa lọ tààrà nígbà tó bá sùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1969, ó gúnlẹ̀ padà sí Falmouth, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká láì dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ de autopilot, kó dè é dáadáa. Àmọ́ kó kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ ara rẹ̀ tù.