Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọba Kò So

Ẹ̀yin ará Bantè àti Savalou, ta ló ti wo eré Ọba Kò So rí nínú yín? Ọdún 1963 ni Dúró Ládiípọ̀ kọ́kọ́ gbé e jáde ní Òṣogbo. Ní 1964, ó ti dé Bẹ́líìnì. Ọ́pẹ́rà ni wọ́n ń pè é, torí orin, ìlù àti ewì ló gbé ìtàn Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, ró. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ṣe Ọya.

Tèmi o, ibi tí Gbọ̀nkáà, jagunjagun Ṣàngó, ti fi ọfọ̀ mú kí Tìmì, jagunjagun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sùn lọ fọnfọn ni mo yàn. Ohùn ẹnu lásán! Èdè Ìṣà tí wọ́n ń sọ ní Bantè bá Yorùbá tan, nítorí náà ẹ ó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, bí ọfọ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀. Ibo lẹ̀yin fẹ́ràn jù?