Oleh Blokhin: Ṣé Ẹni Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Gbá Ló Mọ̀ Ọ́n Kọ́ni?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù: ṣé agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ lè di akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáńtọ́? Oleh Blokhin, ọmọ ilẹ̀ Ukraine, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé lónìí.

Ìlú Kyiv ni wọ́n ti bí i ní 1952, nígbà tí Ukraine ṣì wà lábẹ́ Soviet Union. Dynamo Kyiv ló gbá bọ́ọ̀lù fún jù. Ẹni tó yára gan-an ni. Tó bá ti sá kọjá rẹ, o ò lè bá a mọ́. Gọ́ọ̀lù 211 ló jẹ nínú líìgì Soviet, kò sì sẹ́ni tó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ní 1975, Dynamo na Bayern Munich 1-0 àti 2-0 láti gba Super Cup ilẹ̀ Yúróòpù. Òun nìkan ló jẹ gọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún náà ni wọ́n fún un ní Ballon d'Or.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká mọ nǹkan ṣe, ọ̀tọ̀ ni ká mọ̀ ọ́n kọ́ni. Nígbà tó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Ukraine ní 2003, Croatia, Slovenia àti Jámánì ti dá orílẹ̀-èdè náà padà lẹ́nu ọ̀nà ìdíje ńlá lẹ́ẹ̀mẹta. Blokhin ló kọ́kọ́ mú wọn dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní 2006.

Spain fi 4-0 kí wọn káàbọ̀. Ibí gan-an ni mo ti rí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá: ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Wọ́n na Saudi Arabia 4-0, wọ́n na Tunisia 1-0, wọ́n sì fi pẹnáritì lé Switzerland lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Shevchenko fi tirẹ̀ ṣòfò. Italy tó padà gba ife náà ló dá wọn dúró ní kọ́tà-fáínà.

Síbẹ̀, nígbà tó padà sí Dynamo gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2012, kò gba líìgì kankan kí wọ́n tó dá a dúró ní 2014. Lójú tèmi, orúkọ ńlá máa ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn, àmọ́ kì í báni ṣiṣẹ́ nínú ilé.

Kí lẹ̀yin rí sí i? Ó dìgbà kan ná.