Ẹgbẹ́ Fàájì Tó Ń Fún Awakọ̀ Òfurufú Níwèé Ẹ̀rí

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 363 ní Peckham níbí, tí ẹ jókòó títí dé ibi tó ń parí sí, Crystal Palace lẹ máa bọ́ sí. Orí òkè yẹn ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1901.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀: Frank Hedges Butler, Vera ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti Charles Rolls, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára mọ́tò Rolls-Royce. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé mọ́tò ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré jáde, àmọ́ mọ́tò Vera gbiná. Ni wọ́n bá wọ bàlúùnù, irú èyí tí èèyàn ń dúró sínú apẹ̀rẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Lókè níbẹ̀ ni wọ́n ti pinnu láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ fàájì ni o. Ẹ rántí ẹgbẹ́ àwọn òbí wa, àwọn tó ń dá owó, tó ń dá aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni, àfi pé olówó ńlá ni tiwọn, ojú ọ̀run ni wọ́n sì ti ń ṣe fàájì.

Lọ́dún 1908, Wilbur Wright wá láti Amẹ́ríkà, ó fò ní Faransé, gbogbo ojú sì kúrò lára bàlúùnù. Ní 1910 orúkọ ẹgbẹ́ náà di Royal Aero Club, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún awakọ̀ òfurufú ní ìwé ẹ̀rí. Moore-Brabazon gba àkọ́kọ́, Rolls gba ìkejì. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ Rolls já ní Bournemouth, ó sì kú. Ọmọ ọdún 32 péré.

Ibi tó yà mí lẹ́nu rèé. Ṣáájú ogun 1914, ọ́fíṣà tó bá fẹ́ fò fún àwọn ológun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ gba ìwé ẹgbẹ́ yìí. Tí wọ́n bá gbà á tán, ìjọba á dá £75 padà fún un. £75! Ọ̀pọ̀ lébìrà kì í rí iye yẹn lódindi ọdún. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó ní láti lé tálákà. Owó ti lé e.

Àwọn kan ṣáà wọlé. Hilda Hewlett gba nọ́ńbà 122 ní 1911, obìnrin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń fò.

Ti àwa aláwọ̀ dúdú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní RAF, òfin ni: títí di 1939, ẹni tí ìran rẹ̀ kò bá jẹ́ ti Yúróòpù pátápátá kò lè di ọ́fíṣà. Ogun ló ṣílẹ̀kùn. Ní 1942, Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́fíṣà, ó sì ń wa ọkọ̀ òfurufú. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ló pa á ní oṣù kìíní 1945, ogun kò tíì parí.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, àwọn eré ìdárayá ojú òfurufú ló ń bójú tó báyìí. Láísẹ́ǹsì ti bọ́ sọ́wọ́ Civil Aviation Authority. Káàdì àwọn ará àtijọ́, pẹ̀lú fọ́tò wọn, wà ní RAF Museum ní Hendon.